Bí òbí tó ń dá tọ́mọ n'Íbàdàn ṣe lè rí ibi fi ọmọ sí láì jẹ gbèsè

Ọmọbìnrin mi ò tíì pé oṣù márùn-ún nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀. Àpẹ̀tẹ̀ ni mo ń gbé nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ, màmá mi sì wà ní Ìṣẹ́yìn. Láàárín ọdún kan ààbọ̀, ọwọ́ èèyàn márùn-ún ni ọmọ yẹn kọjá kó tó rí ibi jókòó sí. Owó tí mo ná dànù láàárín ìgbà yẹn ì bá ti sanwó ibi tó dára fún un. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀ báyìí, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá pẹ̀lú, torí mo mọ ọkùnrin kan ládùúgbò wa tí ìyàwó rẹ̀ kú, tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń pọn ọmọ lọ síbi abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ẹ kọ wákàtí yín sílẹ̀ kí ẹ tó béèrè owó

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe tí kò dáa nìyí: mò ń bi gbogbo èèyàn pé "Èló lẹ ń gbà?" nígbà tí mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ rà. Wákàtí lèèyàn ń rà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń bá a tọ́jú ọmọ. Ẹ mú bébà. Ẹ kọ aago tí ẹ ń jáde nílé àti aago tí ẹ ń wọlé padà, ẹ má kọ aago tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí. Iṣẹ́ tèmi ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, ó ń parí ní aago márùn-ún. Ṣùgbọ́n kí n tó rí Máíkírà wọ̀, ká tó gba Ìjòkòdó jáde sí Ẹlẹ́yẹlé, ká tó gba Jẹ́ríkò dé Dùgbẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mò ń jáde, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mò ń dé. Wákàtí mọ́kànlá ààbọ̀ nìyẹn. Jẹ́léósinmi tí mo fi ọmọ sí ń ṣí ní aago méje ààbọ̀, ó ń tì ní aago mẹ́rin. Wákàtí mẹ́ta ló kù tí kò sí ẹni tó ń bá mi mú ọmọ, tí mi ò sì kà á.

Òjò ló kà á fún mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo ọkọ̀ dúró gbagidi, ó kù díẹ̀ kí aago méje lù kí n tó débẹ̀. Ọmọ mi wà lórí bẹ́ǹṣì ẹni tó ń ṣọ́ gééètì, báàgì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlédìí rẹ̀ ti wúwo débi pé ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún. Kò sunkún mọ́. Ohùn rẹ̀ ti há. Bisikíìtì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti di ẹ̀kọ. Wọ́n ṣí ìwé kan fún mi, wọ́n ti kọ orúkọ mi síbẹ̀ pẹ̀lú owó gbogbo ààbọ̀ wákàtí tí mo ti pẹ́ dé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí mò ń san fún wọn.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá ibi tí owó rẹ̀ kéré díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ lè dín wákàtí tí ẹ fẹ́ rà kù. Ìyá tó bá ń fún ọmọ lọ́yàn, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nínú àkókò iṣẹ́, láti fún ọmọ lọ́yàn. Inú òfin yẹn náà ni ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjìlá wà, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló mọ ti ọ̀sẹ̀ méjìlá, wọn ò gbọ́ ti ààbọ̀ wákàtí yẹn rí. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀, kí ẹ máa jáde ní aago mẹ́rin. Mo ṣe é. Ọ̀gá mi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí, ó ní òun gbà á fún oṣù mẹ́fà.

Ẹ ṣírò owó náà dé ìdí

Iye tí wọ́n bá pè fún yín lẹ́nu ọ̀nà kọ́ ni iye tí ẹ máa san. Ẹ jẹ́ ká fi ṣàpẹẹrẹ. Ká ní 80,000 náírà ni owó oṣù yín, tó jẹ́ iye tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń san fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún 2025. Ibì kan pe 20,000 lóṣù, ẹ ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ máa yà kúrò lójú ọ̀nà yín láti débẹ̀: ká ní ó jẹ́ 300 náírà láàárọ̀, 300 náírà nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ 22. Ó di 13,200. Ẹ fi pampers mẹ́ta lójúmọ́ kún un, ká pe ẹyọ kan ní 150: 9,900. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 43,100, ó ti ju ìdajì owó oṣù lọ, ẹ ò sì tíì ra mílíìkì. Bí ibòmíràn bá wà lójú ọ̀nà yín tó ń gba 25,000, tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé, 34,900 ni tibẹ̀. Ẹni tó pe owó tó kéré yẹn ló wọ́n jù.

Ẹ tún bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí lójúkojú: Ṣé ẹ ń gba owó fọ́ọ̀mù? Ṣé ẹ ní yúnífọ́ọ̀mù? Ṣé ẹ ń gba owó pátì ní ìparí ọdún? Bí ọmọ bá ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé mo ṣì máa san án? Ìsinmi ńkọ́? Ní tèmi, bí gbogbo rẹ̀ bá ti ń lọ sí ìdajì owó oṣù, kí ẹ kúrò níbẹ̀, bó ti wù kí ọgbà náà dùn-ún wò tó.

Ibi tó wà fún ọmọ n'Íbàdàn

Màmá ẹni ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń rò, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Bí màmá yín bá ń tajà, ẹ ti gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ dá iye kan tí ẹ ó máa fún un lóṣooṣù, kí ẹ má fi dúró lórí "bí mo bá rí". Àgbàlagbà kì í béèrè. Ó lè rẹ̀ ẹ́ títí kó dùbúlẹ̀ àìsàn kó tó sọ.

Jẹ́léósinmi aládàáni pọ̀ káàkiri. Ti Bódìjà, Jẹ́ríkò àti Olúyọ̀lé Estate sábà máa ń wọ́n ju ti Agbowó, Sángo àti Àpáta lọ, ìtọ́jú ibẹ̀ kò sì fi dandan dáa jù. Àwọn ìjọ kan àti mọ́ṣáláṣí kan náà ń ṣe é ní àárín ọ̀sẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tiyín.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìyá àdúgbò tó ń bá èèyàn mú ọmọ nínú ilé rẹ̀. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí ìyá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ tí ilé wá pa rọ́rọ́ mọ́ ọn lórí. Ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kì í fojú burúkú wò yín tí ẹ bá fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́ dé. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò, ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò bá sì yá, gbogbo yín lẹ dúró sílé. Mo máa sọ ohun tí ẹ lè ṣe sí méjèèjì.

Bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ ọdún márùn-ún, ẹ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà nítòsí yín. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, UBE, tó jáde ní 2004 ní kí ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè sì fi ọdún kan ti jẹ́léósinmi ṣáájú kíláàsì kìíní. Mo mọ òbí tó ń jẹ gbèsè lórí nọ́sìrì fún ọmọ ọdún márùn-ún, tí ilé-ìwé ìjọba wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ẹ rántí ṣá pé ọ̀sán ni wọ́n ń jáde. Ẹ̀yin lẹ ó wá ẹni tó máa mú ọmọ láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ọmọ kékeré láti abúlé wá fi ṣe olùtọ́jú ọmọ. Mo mọ̀ pé òun ló rọrùn jù, mo sì mọ̀ pé wọ́n á bá yín mú un wá. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti ọdún 2003 ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ó sì ní kí a má gbà á síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé àwọn ẹbí rẹ̀. Ká tilẹ̀ yọ òfin kúrò: ọmọ ọdún mọ́kànlá ò mọ ìgbà tí ibà ọmọ jòjòló ti kọjá ohun tí a ń fi aṣọ tútù nù. Òun náà yẹ kó wà ní kíláàsì.

Ibi tí ẹ ti máa gbọ́ nípa ẹni rere

Ìdí abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Ọmọ pé ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9, oṣù 15, gbogbo ìgbà yẹn lẹ máa wà lórí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù kékeré ti ìjọba pẹ̀lú àwọn ìyá tí ọmọ wọn bá tiyín ṣe ẹgbẹ́, tí wọ́n ń gbé ní àyíká kan náà. Ẹ bi wọ́n pé: "Ta ló ń bá yín mú ọmọ?" Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé: "Ta lẹ ti gba ọmọ yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló dé?" Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yìí ló ṣe mí láǹfààní jù.

Ẹ má fojú fo alákàrà ẹnu ọ̀nà àti aránṣọ tó kọjú sí ilé náà. Wọ́n ń gbọ́ ẹni tó ń jágbe mọ́ ọmọ. Ẹ ra àkàrà, ẹ dúró díẹ̀.

Ẹ lọ wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n má mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì

Ẹ̀ẹ̀kínní, ẹ lọ láàárọ̀, kí wọ́n mú yín yí ká. Kànga ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ bá, torí ọgbà tí kò ní kànga kò pọ̀ n'Íbàdàn. Ṣé ó ní ìdérí? Ṣé wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í? Páànù tí wọ́n kàn gbé lé e kì í ṣe ìdérí. Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé kẹrosíìnì sí, bóyá inú ìgò mínírà ni, torí ọmọ tí òǹgbẹ ń gbẹ ò mọ èyí tí a ń mu. Ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń dúró sí nígbà tí wọ́n bá tàn án. Bó bá wà ní kọ́rídọ̀ tàbí lábẹ́ fèrèsé yàrá tí ọmọ ń sùn, ẹ padà sílé, èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú. Àgbà Ìbàdàn ò tíì gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti 1980, ti oṣù kẹjọ ọdún 2011 sì ṣojú ọ̀pọ̀ nínú wa. Ilé tó bá wà létí odò tàbí nísàlẹ̀ gọ́tà ńlá, ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n ń kó ọmọ gbà bí òjò bá dé lọ́sàn-án.

Ẹ béèrè ẹni gbogbo tó ń gbé nínú ilé náà, ọkùnrin àti obìnrin, àti ẹni tó ń wọlé jáde. Kì í ṣe àrífín. Ìyá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dá yín lóhùn láìbínú.

Ẹ ka àwọn ọmọ ọwọ́ tí kò tíì rìn, kí ẹ wá ka àgbàlagbà. Ọwọ́ méjì péré lèèyàn ní.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ yọ sí wọn lójijì, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Ohun tí mo rí níbì kan rèé, èmi ò sì ní gbàgbé: ọmọ mẹ́jọ lórí ẹní kan ṣoṣo, gbogbo wọn sùn fọnfọn, àwọn ọmọ ọdún méjì pẹ̀lú. Kò sí ariwo kankan. Ojú fèrèsé ni ìgò oògùn ikọ́ wà, èyí tó máa ń mú oorun wá, síbí kan wà nínú ọmọrí rẹ̀, ó ṣì tutù. Mo bi wọ́n ta ni ikọ́ ń ṣe. Wọ́n ní ara ló rẹ̀ wọ́n. Mo gbé ọmọ mi lọ́jọ́ náà, mi ò bèèrè owó tó kù. Tí ẹ bá dé ibi tí gbogbo ọmọ ti ń sùn ní agogo mọ́kànlá, ẹ wojú fèrèsé.

Bí a ṣe ń bá wọn dúnàádúrà

Ohun tó ń mú kí owó wálẹ̀ ni kí ẹ gba iṣẹ́ kúrò lọ́rùn ẹni náà. Bí ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá tó gba ọmọ mi ṣe lọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ̀gbọ́n kan nídìí abẹ́rẹ́ ló júwe yín."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mò ń gbà lóṣù, ọmọ mi."

"Mà, mo mọ̀ pé kò pọ̀ jù fún iṣẹ́ yín. Èmi nìkan ni mò ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. N ó máa gbé oúnjẹ rẹ̀ àti omi rẹ̀ wá, n ó máa fọ aṣọ rẹ̀ fúnra mi, mi ò ní gbé e wá ní Sátidé. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni n ó máa sanwó, mi ò ní jẹ ẹ́ wọ ọ̀sẹ̀ kejì."

Ó wo ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé ó máa ń jẹ ẹ̀kọ?"

"Ó ń jẹ ẹ́ gan-an, mà."

"Mú ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún wá. Má jẹ́ kí n máa bi ọ́ léèrè owó."

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ló ṣe é. Gbèsè ni ohun tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ ọwọ́, ẹ lè fi í dípò díẹ̀ nínú owó náà: mo mọ aránṣọ kan ní Agbowó tó ń rán aṣọ ọdún fún ìyá tó ń bá a mú ọmọ, tí wọ́n sì ń yọ ọ́ kúrò nínú owó oṣù.

Owó náà gan-an, ẹ má dúró de ìparí oṣù kí ẹ tó wá a. Ẹ máa fún alájọ ní 1,000 lójoojúmọ́ tí ẹ bá fi lọ síbi iṣẹ́, ó ti di 22,000 kí oṣù tó parí. Ti owó táàmù tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ yín ni kí ẹ ti yá a, kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ojú ewé kan ti tó

Ẹ kọ orúkọ ọmọ, nọ́ńbà yín, nọ́ńbà ẹni kejì, nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó lè gba ọmọ, kí ẹ sì kọ ọ́ kedere pé ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ gbà á, ì báà pe ara rẹ̀ ní bàbá. Ẹ kọ pé kí wọ́n má fún un lóògùn kankan, ti ìbílẹ̀ tàbí ti òyìnbó, láì pè yín. Ẹ kọ aago àti owó. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Bí ẹ bá ń fún ọmú sínú ìgò sílẹ̀ fún ọmọ, kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ níta, ooru Ìbàdàn sì lè bà á jẹ́ kó tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi yìnyín sínú kúlà kékeré gbé e lọ, torí ẹ ò lè fọkàn tán iná.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ gba àyè lọ́jọ́ méjì kí ẹ bá ọmọ jókòó níbẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó máa lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú báírò, ẹ kọ àmì kékeré kan sí etí ìlédìí tí ẹ wọ̀ fún un láàárọ̀. Mo kó ìlédìí mẹ́ta sínú báàgì níbì kan, mẹ́ta náà ò sí níbẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, síbẹ̀ àmì báírò mi ṣì wà ní ìdí ọmọ. Ẹ tún wo awọ ìdí rẹ̀, ẹ wo itan rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó ń sunkún láàárọ̀ tí ẹ bá fi í sílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Èyí tó ń ké nígbà tó bá rí ẹni náà nírọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ tilẹ̀ ti dé, ẹ má kọtí ikún sí i.

Bàbá tàbí ìyá tó lọ

Tó bá ń bẹ láyé, tó sì ń ṣiṣẹ́, owó yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú látọ̀dọ̀ òbí rẹ̀ méjèèjì. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀ka ìgbáyé-gbádùn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, tàbí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ní Sẹkitéríàtì, Àgodi. Wọ́n á pè é wá jókòó. Tó bá kọ̀, kóòtù ìbílẹ̀ wà, bíi ti Mápó, tí ẹjọ́ owó ìtọ́jú ọmọ ti ń wáyé. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ dání, ẹ mú gbogbo rìsíìtì àti ìwé àdéhùn olójú ewé kan yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ kọ ọ́. Adájọ́ á bi yín pé èló ni ẹ ń ná lóṣù.

Ẹni kejì

Ẹ wá ẹlòmíràn tó lè bá yín mú ọmọ ní báyìí, kí ẹ má dúró de ọjọ́ tí ìyá náà máa pè yín ní aago mẹ́fà àárọ̀ pé òun ò lè dìde. Àwa ìyá mẹ́ta ló para pọ̀ ní tiwa: ọ̀kan wa ń gbọ̀nà àárọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ọ̀kan ń gba ti òru, èmi máa ń wà nílé ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Bí ọjọ́ bá dé, a ń bá ara wa mú ọmọ, kò sí owó níbẹ̀, ìwé ni a fi ń ka ọjọ́ tí ẹnì kan jẹ ẹnì kejì, bí àjọ gan-an. Ìsinmi gígùn tó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ló máa ń dà á rú, nítorí náà oṣù karùn-ún ni a ti ń pín in.

Ọmọ mi ti wà nílé-ìwé ìjọba báyìí. Wákàtí tí mò ń rà kò ju mẹ́rin lọ lójúmọ́. Ọwọ́ ìyá yẹn náà ni mo ṣì ti ń rà á, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo sì ń sanwó.